Ìgò Tí Bàbá Akin Kọ́kọ́ Ń Tọ́ Wò

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ náà ti pọ̀ ju mẹ́ta lọ. Láti Sátidé tó kọjá ni lẹ́tà yìí ti wà lọ́kàn mi, àmọ́ ẹnu ń yà mí débi pé mi ò mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí inú rírun.

Inú tó máa ń run yín yẹn ti dé ọ̀dọ̀ mi. Ó lé ní ọdún kan tí mo fi gbé e kiri. Mo rù, mo gbẹ bí ẹ ṣe gbẹ, ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kí n jókòó síṣẹ́. Màámi ti ń bi mí nípa àwọn tí mo bá jẹun. Kí ọ̀rọ̀ tó di ti ẹlòmíràn ni mo wọ takisí lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ring Road. Dókítà obìnrin kan, tí kò lè dàgbà jù mí lọ, yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó tún ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ gba ọ̀fun mi lọ wo ìfun. Ó ní àìsàn sílíàkì ni. Ó ní nǹkan kan wà nínú àlìkámà àti báálì tí wọ́n ń pè ní gúlútẹ̀nì. Ẹlòmíràn á jẹ ẹ́, kò ní mọ̀, àmọ́ tó bá wọ inú irú àwa yìí, ara á máa bá ìfun ara rẹ̀ jà. Ó ní ó máa ń rìn nínú ẹbí. Ó wá bi mí bóyá ó ṣe bàbá mi tàbí ìyá mi rí.

Ńṣe ni mo bú sẹ́kún lórí àga wọn.

Ṣé ẹ rántí búrẹ́dì inú tíì? Nígbàkígbà tí inú bá dá yín wólẹ̀, oúnjẹ aláìsàn tí Màámi ń gbé wá nìyẹn, búrẹ́dì tí wọ́n rẹ títí tó fi rọ̀, kó má baà nira fún yín. Èmi ni mo máa ń fi ṣíbí bọ́ yín. Tí ẹ bá bì í, a ó tún rẹ òmíràn. Epo la ń dà síná, a sì rò pé omi ni.

Ọtí náà ńkọ́? Ìgò bíà kan péré lọ́jọ́ Sátidé, nílé ọ̀rẹ́ yín Bàbá Akin ní Baṣọ̀run, ẹ̀yin tíṣà méjì tí ẹ jọ wá láti Ṣakí, tí ẹ jọ ń sá fún ojú pásítọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ẹ máa ń mú mi dání. Bàbá Akin á ṣí ìgò, wọ́n á bu díẹ̀ sínú ife tiwọn, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kí wọ́n tó bu fún yín, bí onílé tó mọ àṣà ṣe ń ṣe, kí àlejò lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ̀yin á sọ awò yín sí ṣóńṣó imú, ẹ ó máa kọ́ mi ní ìwé kíkà lára ìgò. Kò sí ohun tí ẹ kì í kà, títí kan páálí ìṣáná. Báálì wà lára ohun tí ẹ kọ́ mi kà. Ẹ̀yin gan-an lẹ fi ìka tọ́ka sí i. Ohun tó ń ṣe yín wà níwájú wa, à ń kà á sókè ketekete, inú wa sì ń dùn.

Ọjọ́ tí inú fẹ́ẹ̀ gba ẹ̀mí yín, ilé Bàbá Akin lẹ ti dé. Àbúrò yín ló kọ́kọ́ sọ pé májèlé ni. Wọ́n ní ìgò kan náà lẹ jọ mu, kí ló dé tí kò fi ṣe ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò ní nǹkan kan? Wọ́n ní ó ti lo ẹ̀rọ̀ sílẹ̀ ni. Ohun tó yẹ kó wẹ Bàbá Akin mọ́ gan-an la fi dá wọn lẹ́bi. A da epo pupa sí yín lẹ́nu, ẹ bì, ẹ yè, àmọ́ ẹ ò dé Baṣọ̀run mọ́ títí ẹ fi kú.

Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Ẹ ò sọ fún mi rí. Mo kàn máa ń rí yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ó wọ bàtà, ẹ ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó tún bọ́ bàtà.

Lọ́jọ́ ìsìnkú yín, Bàbá Akin gbé kíréètì mínírà kan wá. Ẹnì kan ò fọwọ́ kàn án. Èmi ni wọ́n ní kí n gbé e padà sínú mọ́tò wọn, mo sì gbé e. Bàbá Akin ò bá mi jà. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi.” Ìtìjú ọjọ́ náà ò tíì kúrò lára mi.

Dókítà ní kí n jìnnà sí búrẹ́dì, sẹ̀mó àti bíà. Lẹ́yìn náà ló sọ pé wọ́n ń ṣe bíà tí kò ní gúlútẹ̀nì, nítorí irú wa. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe ẹlẹ́yà ni. Mo wá a dé Bódìjà, ọkùnrin kan níbẹ̀ bi mí pé, “Ṣé ṣúgà ló ń ṣe yín ni, mà?” Ní Dùgbẹ̀, ọmọge tó ń tajà gbé mọ́ọ̀tì fún mi: “Àǹtí, ẹ mú eléyìí, this one no get alcohol at all.” Mọ́ọ̀tì, tí báálì kún inú rẹ̀ fọ́fọ́!

Ring Road náà ni mo ti padà rí i, ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn wáìnì, eruku ti bò ó. Wọ́n ya ṣírí àlìkámà sára rẹ̀, wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Mo sọ awò mi sí ṣóńṣó imú, mo kà á bí ẹ ṣe máa ń kà á. Omi, ọkà bàbà, họ́ọ̀pù tó ń mú bíà korò, ìwúkàrà. Ọkà bàbà! Èyí tí ìyá yín ń gbìn sí Ṣakí! Mo dúró gbagidi. Ta ni ẹni náà tó jókòó sí ìlú òyìnbó, tí ò mọ̀ yín, tí ò mọ̀ mí, tó rò ó pé ó yẹ kí ẹni tí báálì ń dà láàmú náà rí nǹkan fi bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jókòó? Títí di ìsinsìnyí, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń jọ mí lójú. Mo ra méjì.

Sátidé, mo gbé méjèèjì lọ sí Baṣọ̀run. Bàbá Akin ti ń fi ọ̀pá rìn. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn, mo tọrọ àforíjì. Mo ní dókítà ò lè búra nípa ẹni tí kò yẹ̀ wò, àmọ́ èmi mọ̀. Wọ́n ka ìwé dókítà tí mo mú dání lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Ṣé ó wá kú láìmọ̀ ni?”

Wọ́n gbé ife méjì wá. Wọ́n ṣí ìgò, wọ́n bu díẹ̀ sínú ife tiwọn, bí ìṣe wọn. Ife náà ò dé ẹnu. Mo rí i pé ẹ̀rù ń bà wọ́n: tó bá tún wá ṣe ọmọ náà ńkọ́?

Mo gba ife náà lọ́wọ́ wọn, mo mu ún tán. Mo ní, “Bàbá, ẹ má tọ́ ọ wò fún mi mọ́.”

Wọ́n sunkún. Èmi náà sunkún. Lẹ́yìn náà wọ́n bu tiwọn, a jọ mu ìgò náà tán, wọ́n ń sọ ìtàn yín fún mi. Ìgò kejì wà lọ́dọ̀ wọn, ó di Sátidé tó ń bọ̀.

Mi ò tíì dìde lórí ibùsùn lọ́jọ́ kejì tí wọ́n fi pè mí lórí fóònù, wọ́n fẹ́ mọ̀ bí mo ṣe jí. Bàbá mi, inú ò run mí.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kọ́ ní ìwé kíkà lára ìgò, tó sì fẹ́ràn yín títí dòní.