Béárì Ló Dínà Ìgbéyàwó Rẹ Mọ́ Mi

Princess Road,
Moss Side,
Manchester.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kẹfà, 2025.

Ṣẹ̀san, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ọkàn mi wúwo bí mo ṣe ń kọ èyí. Wá ibì kan jókòó sí kí o tó kà á: etí òsì béárì wa ti já. Ọjọ́ Sátidé ló já. A wá a nínú koríko títí a fi rí i, a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ padà, ṣùgbọ́n ó ti dorí kodò. Àwọn ẹbí béárì náà ò tíì sọ̀rọ̀.

Yàtọ̀ sí èyí, ṣé àlàáfíà lo wà? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bá rédíò jà? Níkẹ́ ìyàwó wa ńkọ́? Bá mi sọ fún un pé mi ò gbàgbé pé èmi ni ọ̀rẹ́ ọkọ, pé èmi ni mo máa dúró tì ọ́ lóṣù Kẹsàn-án. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló gbé mi dé ìdí lẹ́tà yìí. Ara tèmi le. Òjò ò jẹ́ ká mọ̀ bóyá oòrùn ṣì wà.

O mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Openshaw ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ogden ló ni ibẹ̀, orúkọ iléeṣẹ́ rẹ̀ ló sì gbé físà mi dúró. Bó bá húkọ́, èmi ni mò ń wá omi mu. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, ó dàgbà ju bàbá mi lọ, òun sì ni alága Ẹgbẹ́ Ọdẹ Tafàtafà. Ẹgbẹ́ ọdẹ tí kì í pa nǹkan kan ni, torí òfin ilẹ̀ yìí ò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọfà pa ẹranko. Béárì oní-fóòmù ni wọ́n gbé kalẹ̀ sí pápá kan lókè abúlé Dobcross, òun ni wọ́n ń ta lọ́fà ní Sátidé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń lọ sí Kánádà, níbi tí òfin ti gbà á, láti dọdẹ àgbọ̀nrín nínú igbó tí béárì gidi wà.

Lọ́jọ́ kan tí a ń mu tíì, ó bi mí bóyá ọdẹ wà nínú ìdílé wa. Mo ní bàbá àgbà mi máa ń pa ọ̀yà ní Ìgbẹ́tì. Ojú ẹ̀ tàn. Ó ní ṣé màá bá àwọn lọ sí Kánádà? Ṣẹ̀san, bí wọ́n ṣe tọ́ mi ni wọ́n ṣe tọ́ ìwọ náà. Ta ló ń wojú àgbàlagbà kó ní òun ò lọ? Mo ní, "Ẹ ṣé, sà, inú mi á dùn." Nílé, gbogbo ayé ló mọ ohun tó kàn: o ó gbà lójú àgbà, o ó wá wá ẹni tó máa lọ bá ọ bẹ̀bẹ̀ lẹ́yìn. Kí n tó rí ẹni rán, ó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ gan-an ni, gbogbo ìsinmi tó kù fún mi lọ́dún yìí ló sì ti kó sí i.

Mo wá gbójú lé ìjọba Kánádà. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà tí mo mọ̀ ló ń gbàdúrà kí wọ́n fún wọn ní físà. Èmi nìkan ni mo gbààwẹ̀ kí wọ́n má fún mi. Wọ́n fún mi.

Ni mo bá rán Ìyá Rodiyat, màmá ará Ṣakí kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́. Ẹnu wọn dùn débi pé àwọn arúgbó tó kọ oògùn ń gbé e mì fún wọn. Wọ́n ní, "Fi í sílẹ̀ fún mi jàre. Ṣé òyìnbó yẹn ò bímọ ni?" Wọ́n bá mi lọ sí Dobcross ní Sátidé láti lọ bẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó lanu, ọ̀gá ti fi ọrun lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n kàn dán an wò. Àwọn náà ò lè kọ̀ fún un. Wọ́n fa ọrun, wọ́n dijú, wọ́n ní "Bísímílà!" Bí etí béárì ṣe já nìyẹn. Gbogbo ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́, wọ́n sì gbà wọ́n wọ ẹgbẹ́ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí mo rán wọn létí iṣẹ́ tí mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní, "Súnkànmí, ní sùúrù. Wọ́n láwọn máa fún mi ní fìlà."

Ó wá di kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Nítorí bàbá àgbà mi, ẹgbẹ́ ti fi mí jẹ Ọ̀gá Ààbò. Èmi ni mò ń kọ́ wọn: ẹ má dá rìn, ẹ máa sọ̀rọ̀ bí ẹ bá ń lọ, torí béárì tí a bá lójijì ló ń jà, ẹ so oúnjẹ rọ̀ sórí igi tó jìnnà sí àgọ́, bí béárì bá yọ, ẹ má sáré. Èmi tí mò ń sá fún ajá nígbà tí a wà ní Pólì. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ẹ máa fẹ̀yìn rìn, bí kò bá gbọ́, ẹ fín ata inú agolo sí i lójú. Ìyá Rodiyat béèrè bóyá rodo ni tàbí ṣọ̀ǹbọ̀. Òfin ò gba ata náà níbí, nítorí náà lọ́fínńdà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la fi ń ṣe ìdánrawò. Èmi ni béárì. Bùláńkẹ́ẹ̀tì ni mò ń dà borí.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn kan náà, mo rò ó pé ó máa rọrùn láti sọ ọ́ láti inú bùláńkẹ́ẹ̀tì. Mo rìn lọ bá ọ̀gá, mo ní, "Sà, mi ò lè lọ sí Kánádà. Ọ̀rẹ́ mi ń gbéyàwó ní Ìbàdàn, èmi ni màá dúró tì í." Ó tẹjú mọ́ mi. Ó rọra ní, "Ó dáa, béárì, ó dáa. Mò ń lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀yìn rìn. Mo tẹ̀lé e, mo ní, "Sà, ọ̀rọ̀ gidi ni o." Ó fín lọ́fínńdà sí mi lójú. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́.

Bọ́ọ̀sì ò wọ́pọ̀ lókè ibẹ̀. Mọ́tò ọ̀gá ló ń gbé wa lọ, òun ló ń gbé wa bọ̀. Ẹni tí wọ́n gbé gun òkè kì í bá awakọ̀ jà, nítorí náà mo wọ mọ́tò jẹ́jẹ́. Bí a ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, tí ojú ṣì ń ta mí, ó ní, "Ṣé o mẹ́nu ba ìgbéyàwó kan lẹ́ẹ̀kan?" Mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa mọ́tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ láti ọjọ́ yìí, pé ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ ju àgbọ̀nrín lọ, pé òun á tún gbogbo rẹ̀ tò. Ó wá béèrè bóyá àlejò lè wá síbi ìgbéyàwó wa láìjẹ́ pé wọ́n fìwé pè é. Ìyá Rodiyat dáhùn látẹ̀yìn pé, "Ah, sà! Gbogbo yín ni kẹ́ ẹ wá!"

Ṣẹ̀san, okùn ti já lọ́rùn mi. Sọ fún télọ̀ kó fẹ ìdí ṣòkòtò mi díẹ̀, búrẹ́dì ibí ò ní àánú. Bá mi kúnlẹ̀ kí Màmá, bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, kí o sì sọ fún Níkẹ́ pé kó má wá ẹlòmíì rọ́pò mi.

Èmi ni tìrẹ, tó ń bọ̀ wá dúró tì ọ́,
Súnkànmí.

Mo ti fẹ́ fi èyí ránṣẹ́ kí n tó rí ìwé kan lára ògiri níbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Mo tú u sí Yorùbá bó ṣe wà:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

Ẹgbẹ́ Ọdẹ Tafàtafà ń fi tayọ̀tayọ̀ kéde pé ìrìnàjò ọdún yìí kò lọ sí Kánádà mọ́. Ìbàdàn ni, níbi ìgbéyàwó Ọ̀gbẹ́ni Ṣẹ̀san àti Omidan Níkẹ́. Kí ọkọ ìyàwó jọ̀wọ́ so gbogbo oúnjẹ rọ̀ sórí igi tó jìnnà sí ibi tí àlejò yóò sùn. Ìyá Rodiyat ni adelé Ọ̀gá Ààbò fún ìrìnàjò náà. Níwọ̀n bí ìsinmi Ọ̀gbẹ́ni Súnkànmí ti jẹ́ ti Kánádà, tí Kánádà kò sì sí mọ́, òun ni yóò dúró ní ilé ìtọ́jú láti di iṣẹ́ Ìyá Rodiyat mú. Alága yóò bá a sọ ọ́ fúnra rẹ̀ lónìí. Ó dá wa lójú pé inú rẹ̀ á dùn.