Pọ́ǹpù Tí Yóò Wọ Kànga Ìyá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kìíní

Dókítà ti sọ tirẹ̀. N kò gbọdọ̀ fa omi mọ́. Ó ní èjìká ọ̀tún mi ti ń yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀, tí mo bá tún fi í fa korobá láti inú kànga, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ó ń sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń sọ pé ọjà ti tú. Mo bi í pé ta ni yóò wá máa bomi rin ọgbà mi. Ó ní ṣé n kò lọ́kọ ni.

Mo lọ́kọ. Ọkọ mi ti ń ṣèwádìí pọ́ǹpù láti ìgbà òjò. Òjò ti lọ, ilẹ̀ ti gbẹ, ìwádìí kò tíì tán. Ìdí nìyí tí mo fi ń pè é ní Olùwádìí nínú ìwé yìí. Tí a bá wà lójúkojú, Bàbá Ilé ni mò ń pè é.

Ọgbà yẹn nìkan ni mo ní tó jẹ́ tèmi láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì. Ata, tòmátì, ẹ̀fọ́, òdòdó tí àwọn tó ń ṣe gbọ̀ngàn lọ́ṣọ̀ọ́ máa ń wá rà. Tí kò bá rí omi mu lóṣù yìí, ó tán nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 5

Mo fa omi. Díẹ̀ ni. Kí dókítà má gbọ́.

Ọjọ́ Ajé, 6

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, Olùwádìí mú bébà àti bírò, ó ní òun fẹ́ là mí lọ́yẹ̀. Oríṣi pọ́ǹpù méjì ló wà fún irú kànga wa. Ọ̀kan ń jókòó lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, á fi páìpù fa omi sókè bí ẹni ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ó ń pariwo, ṣùgbọ́n àtúnṣe rẹ̀ rọrùn, kànga á sì wà ní ṣíṣí. Èkejì ń wọ inú omi fúnra rẹ̀, á máa ti omi sókè láti ìsàlẹ̀. Kì í pariwo, ó lágbára — àmọ́ a ní láti fi ìdérí bo kànga, torí tí èèyàn bá ń ju korobá sí i, okùn á lọ́ mọ́ wáyà.

Ó yé mi. Mo ní ó dáa, mú ọ̀kan. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní a ní láti wo bí táàǹkì ṣe máa ga tó, bí páìpù ṣe máa fẹ̀ tó, bí ọgbà ṣe jìnnà sí kànga tó. Ó yàwòrán. Ó pa á rẹ́. Ó tún un yà. Orí àga níbẹ̀ ni mo ti sùn lọ.

Ọjọ́rú, 8

Ìyá ti gbọ́. Ìyá ọkọ mi ni mò ń wí. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n láti àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ti máa ń wà lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Bàbá ọkọ mi ló gbẹ́ kànga náà, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n ti géètì mọ́ ẹnikẹ́ni ládùúgbò tó bá fẹ́ pọnmi. Òfin kan ló wà: o kò gbọdọ̀ ju korobá sí i láìkọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí Ìyá, kí o sì jábọ̀ ilé rẹ. Ta ló ń húkọ́? Ta ló bímọ? Ṣé ẹni tó bínú lọ ti padà? Onídìrí tó wà ní òdìkejì títì lè dúró ti korobá kan ṣoṣo títí oòrùn á fi ràn án lórí.

Àárín ebè mi sì ni gbogbo wọn ń gbà kọjá! Mo fi igi dábùú ọ̀nà, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ sókè kọjá lórí rẹ̀.

Ìyá ní ẹ̀rọ kankan kò ní wọ inú kànga àwọn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní omi á máa rùn bí epo. Mo ní iná ló ń lò, kò sí epo nínú ọ̀rọ̀ náà rárá. Wọ́n ní, “Ìyàwó, mo ti gbọ́.” Tí Ìyá bá ti ní àwọn gbọ́, ẹ jẹ́ kó yé yín pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan.

Ta ni mò ń bá wí ná? “Ẹ jẹ́ kó yé yín.” Èmi nìkan ni mò ń ka ìwé yìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11

Ọkọ Kékeré wá. Àbúrò ọkọ mi ni, pátá péńpé ló wà nígbà tí mo wọlé yìí, mi ò sì lè pe orúkọ rẹ̀ nítorí pé ìyàwó ni mí. Ó ti hu irun funfun báyìí, Ọkọ Kékeré náà ni. Kò sí ohun tí kò mọ̀. Ó ní pọ́ǹpù inú omi nìkan ni pọ́ǹpù, ìyókù ohun ìṣeré ọmọdé ni. Olùwádìí ní ó kù díẹ̀ káàtó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, oúnjẹ tí mo fi ọwọ́ kan ṣoṣo sè di tútù síwájú wọn. Nígbà tí wọ́n máa dákẹ́, kò sẹ́ni tó rántí pé èmi ni èjìká ń dùn.

Ìdí ti òní láti ẹnu Ìyá: iná á wọnú omi, á pa àwọn tó ń pọn ọ́n.

Ọjọ́ Àìkú, 12

Ìdí ti òní: ariwo ẹ̀rọ á lé omi sá lọ. Ọlọ́run, gbà mí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 14

Àwọn tòmátì ti ń tẹrí ba. Ewé ata ti ń ká jọ. Mo fi ọwọ́ òsì fa omi, ọwọ́ òsì kò mọ̀ ọ́n fà, mo bá tún fi ọ̀tún kún un. Títí di ìsinsìnyí, mi ò lè gbé ọwọ́ yẹn dé orí. Mo fara ya. Mo sọ fún Olùwádìí pé tí pọ́ǹpù kò bá wọlé lọ́sẹ̀ yìí, n óò kó ẹrù mi lọ bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, kí òun àti bírò rẹ̀ máa bomi rin ata. Ojú rẹ̀ là. Ó ní òun ti fẹ́ rí ojú ọ̀rọ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 17

Ó RÀ Á.

Èyí tó ń jókòó lórí ilẹ̀ ni. Ó ní bí òun ṣe rò ó nìyí: kànga á wà ní ṣíṣí, inú Ìyá á dùn, omi á dé ọgbà mi, ẹnikẹ́ni kò ní bínú. Ká sòótọ́, ó rò ó dáadáa. Mo yìn ín. Mo tilẹ̀ bu ẹran kún oúnjẹ rẹ̀. Ìyá wo pọ́ǹpù náà látòkè délẹ̀, wọ́n ní ó dáa, ó jọ ajá tó jókòó. Púlọ́ńbà ń bọ̀ lọ́la.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 18

Wọ́n tan pọ́ǹpù. Ó ké. Adìyẹ gbogbo àdúgbò sá. Afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Wọ́n bu omi sí i lórí, wọ́n tún un tàn, ó tún ké. Púlọ́ńbà tú páìpù, ó tún un dè. Afẹ́fẹ́.

Olùwádìí lọ mú okùn, ó sọ ọ́ sínú kànga láti fi wọn bí omi ṣe jìn tó. Ó fà á jáde, ó wò ó, ó tún un sọ sínú rẹ̀. Mo bi í pé nígbà wo ló wọn omi tó fi ra èyí. Ó wolẹ̀. Ìgbà òjò ni. Ìgbà tí omi wà lókè téńté. Pọ́ǹpù orí ilẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, ó ní ibi tó lè fà á mọ. Omi wa sì ti lọ sísàlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Ó wádìí títí omi fi sá mọ́ ọn lọ́wọ́!

Mo rẹ́rìn-ín títí èjìká fi gún mi. Lẹ́yìn náà mo wọ yàrá, mo sunkún díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20

Ẹni tó ta pọ́ǹpù fún wa kò fẹ́ gbà á padà. Ó ní ó ti mumi. Mo ní kò mu ẹ̀kán omi kan, ohun tó gbé wa wá gan-an nìyẹn. Ó ń wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé. Ọkọ Kékeré ló dé pẹ̀lú ohùn ńlá rẹ̀, ni ẹni náà bá gbà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi, inú mi dùn sí ohùn yẹn. A fi ṣe pààrọ̀ èyí tó ń wọ inú omi.

Ó wá ku Ìyá. Àwọn ọkùnrin méjèèjì ń ti ara wọn síwájú bí ọmọ ilé ìwé, èmi ni mo lọ sọ ọ́. Mo ti múra sílẹ̀ de ìdí mìíràn. Ìyá kò mú ìdí kankan wá. Wọ́n kàn ní, “Ilé yín náà ni.”

Ọjọ́bọ̀, 23

Ó ti wọlé. Ìdérí irin lórí kànga, táàǹkì lókè. Èmi ni mo ní kí wọ́n fa ẹ̀rọ omi kan síta, sí ẹ̀yìn géètì, kí ará àdúgbò máa pọn tiwọn níbẹ̀ láìwọlé. Gbogbo ayé ló yìn mí. Wọn kò ní fa okùn mọ́, wọn kò sì ní tẹ ebè mi mọ́.

Mo fi ọwọ́ òsì di rọ́bà mú, mo bomi rin ata láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó ti pẹ́ tí inú mi ti dùn báyìí.

Ọjọ́ Àìkú, 26

Tòmátì ti gbórí sókè. Kò sí ipasẹ̀ ẹnì kankan nínú ọgbà mi.

Ọjọ́rú, 29

Ìyá ṣì ń jókòó síbi kànga. Wọ́n kọjú sí géètì. Ní àárọ̀ yìí, onídìrí pọn omi rẹ̀ tán níta, ó nahùn láti ẹ̀yìn géètì pé ẹ káàárọ̀ o, Ìyá. Ìyá dá a lóhùn, wọ́n bi í pé ikọ́ ọmọ rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀, ṣé ó lo àgbo tàbí oògùn òyìnbó. Onídìrí ti lọ. Ìyá ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ. Àárín ata ni mo wà, mo tẹrí mọ́lẹ̀, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 1 Oṣù Kejì

Ìyá kò jáde. Wọ́n ní ẹsẹ̀ ló ń ro àwọn.

Ọjọ́ Ajé, 3

Ìyá kò jáde. Ẹsẹ̀ ti di oòrùn báyìí, oòrùn ti pọ̀ jù fún wọn. Wọn kò jẹ tó ṣíbí mẹ́ta. Mo ti mọ̀ pé tí ìdí bá ti ń yí padà, ó ní ohun tó wà níbẹ̀. Orí mi gbóná. Mo bi wọ́n pé kí ni mo tún ṣe báyìí. Omi kò rùn, iná kò pa ẹnikẹ́ni, gbogbo àdúgbò ń pọn omi láìlàágùn, kí ni wọ́n tún fẹ́?

Ìyá kọjú sí ògiri. Wọ́n ní, “Omi ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Àwọn ni kò dé ọ̀dọ̀ mi mọ́.”

Mo gbé abọ́, mo jáde.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Epo, iná, ariwo — kí ló dé tí wọn kò sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Ká ní wọ́n sọ pé èèyàn ni àwọn fẹ́ máa rí, ta ni ì bá kọ̀ fún wọn?

Èmi ni. Èmi ni ì bá kọ̀. Ebè ata ló wà lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Mo sọ fún Olùwádìí pé kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi ìta wọlé, sí ẹ̀gbẹ́ àga Ìyá. Ó ní ọ̀rọ̀ tó dáa ni. Ó ní kí a kọ́kọ́ wádìí bí páìpù ṣe máa gùn tó. Ó ti ń wá bírò. Èmi fúnra mi ni mo pe púlọ́ńbà.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Ariwo ló jí mi. Korobá ń dún lórí sìmẹ́ńtì, àwọn kan ń jà nítorí ta ló kọ́kọ́ dé. Mo yọjú lójú fèrèsé. Onídìrí wà lórí ìkúnlẹ̀, Ìyá ń bá a wí pé ó ti rù, ṣé irú ara tó máa ń gbé kiri nìyí, ọkọ rẹ̀ ńkọ́. Omi ti kún korobá, ó ń ṣàn dànù, kò sẹ́ni tó rí i. Wọ́n ti tẹ ebè ata kan pa pátápátá, tòmátì méjì ti dá. Mo jáde láti pariwo. Mo débẹ̀ tán, mo kàn pa ẹ̀rọ omi náà ni.

Mo ti gbé oúnjẹ àárọ̀ Ìyá síta, mo ti gbé e wọlé padà láti lọ gbé e kaná. Nígbà tí mo tún pè wọ́n, wọ́n ní kí n ní sùúrù, ṣé n kò rí i pé àwọn ní àlejò ni.