Orogún Tó Ń Dín Pankéèkì Nínú Fóònù

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Ṣé ọ̀gá rẹ tó máa ń lejú yẹn ti ń rẹ́rìn-ín? Ọlọ́run tó ń mú ọ jáde láàárọ̀ yóò máa mú ọ wọlé nírọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣi ọ̀nà ire, àmín. Bí o bá fẹ́ béèrè tèmi, ayọ̀ ló fẹ́ pa mí. Òní ló pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí mo di ìyàwó, èmi tí mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo ti rò pé ó parí. Bí wọ́n bá pè mí ní ìyàwó wa lójú ọ̀nà, ń ṣe ni mo máa ń wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń pè. Ọkọ mi Bàbá Télọ̀ ń gbé mi bí ẹyin. Wọ́n ti rán aṣọ mẹ́ta fún mi, wọ́n sì ti tún ilẹ̀kùn yàrá ṣe nítorí pé mo ní ó ń dún. Adìyẹ tí mo kó wá ti pamọ méje.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀, má sì bínú sí mi. Ọmọ wo ló ń fa orogún lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́? Fóònù ńlá tí o fi ta ọkọ mi lọ́rẹ lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, obìnrin wà nínú rẹ̀.

Má rẹ́rìn-ín. Láràárọ̀, kí wọ́n tó mu tíì, wọ́n á gbé fóònù náà ti ẹ̀rọ ìránṣọ, obìnrin náà á sì yọ. Eyín rẹ̀ funfun bí ìyẹ̀fun, ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ọ́ ní Eléyín. Ohun tó máa kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin olólùfẹ́ mi, ṣé ẹ ti ń retí mi? Lójú èmi tí mo gbé ife tíì dúró! Mo kí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kò dá mi lóhùn. Ọkọ mi ní kò lè gbọ́ mi ni. Mo ní bí kò bá lè gbọ́, báwo ló ṣe mọ ìgbà tó yẹ kó rẹ́rìn-ín sí yín? Wọ́n ní pankéèkì ló ń kọ́ àwọn, pé kí n wò ó bó ṣe nípọn, bó ṣe rọ̀ bí ìrọ̀rí, wọ́n sì gbé itọ́ mì. Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí mo ti ń dín ẹyin sí búrẹ́dì fún wọn, n kò gbọ́ ìrọ̀rí lẹ́nu wọn rí. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran lára. Oúnjẹ tí mo jẹ lọ́sẹ̀ yẹn, n kò mọ ibi tó gbà.

Ni mo bá ní kò burú, ohun tí ẹnì kan ṣe, ẹlòmíràn lè ṣe é. Mo ra fulawa, mílíìkì, ẹyin, bọ́tà àti páúdà tí wọ́n fi ń mú kéèkì wú. Mo dà wọ́n pọ̀, mo fi agbára owú lù wọ́n títí apá fi ń ro mí, torí mo gbà pé bí mo bá ṣe lù ú tó ni yóò ṣe wú tó. Iná ń jó lala. Ohun tó jáde nínú páànù, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà sàn jù ú lọ. Ọkọ mi ní ó dùn, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹyọ kan títí oníbàárà méjì fi wá tí wọ́n sì lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa téèpù yọ lọ́rùn, wọ́n fi wọn èyí tó kù, kò dé ìlà àkọ́kọ́. Àwàdà ni wọ́n ń ṣe, ṣùgbọ́n mo wọ yàrá lọ sunkún.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, wọ́n lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, wọ́n gbàgbé fóònù sílé. Mo ṣí i, Eléyín yọ. Ààyè wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tí èèyàn lè kọ ọ̀rọ̀ sí, èmi náà ò sì jáde ìwé mẹ́wàá lásán. Mo kọ ọ́ pé, mo kí ọ o, èmi ni ìyàwó ilé tí o ń wọ̀ láràárọ̀, jọ̀ọ́ gbójú kúrò lára ọkọ mi, n kò tíì pẹ́ tí mo dé, ṣùgbọ́n kí o tó lọ, sọ ohun tó ń mú tìrẹ wú fún mi, torí sísùn ni tèmi ń sùn. Àwòrán ọkàn pupa kan tún wà níbẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ kó lè mọ̀ pé ọkàn mi gbọgbẹ́.

Kí n tó ká aṣọ lórí okùn tán, àwọn tí n kò mọ̀ rí ti ń kọ̀wé sábẹ́ ọ̀rọ̀ mi, wọ́n ń kí mi kú oríire, wọ́n ń ṣàdúrà, mo sì ń ṣe àmín lọ́kọ̀ọ̀kan. Obìnrin kan ní ọkọ tòun náà ń wò ó. Òmíràn ní tòun náà ńkọ́? Ìgbà yẹn ló yé mi pé ọkọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló wà lọ́rùn obìnrin yìí, àánú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe mí. Ta ni yóò fọ aṣọ gbogbo wọn?

Eléyín fúnra rẹ̀ wá dáhùn, ó pè mí ní màmá mi. Ó ní ọwọ́ mi ló wúwo, pé kí n má lù ú mọ́, kí n rò ó díẹ̀, kí n fi kókó inú rẹ̀ sílẹ̀, kí n jẹ́ kó sinmi títí n ó fi wẹ̀ tán. Kí iná má pọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá yọ ihò kéékèèké, kí n yí i lẹ́ẹ̀kan, kí n má sì fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó dùn mí pé ó mọ̀ ọ́n kọ́ni.

Láàárọ̀ àná tó jẹ́ Sátidé, mo ṣe é bó ṣe wí. Ọmọ mi, ó wú! Mo pariwo bí ẹni tó bímọ. Mo gbé mẹ́rin léra. Ọkọ mi jẹ ọ̀kan. Wọ́n jẹ ìkejì. Wọ́n fi téèpù wọn ìkẹta, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀kì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gígùn ṣòkòtò tíṣà kan tó jẹ́ oníbàárà wọn. Wọ́n wá ní kì í ṣe ojú Eléyín ni àwọn ń wò. Wọ́n ní láti ọdún mẹ́sàn-án tí ìyàwó àwọn ti kú, orí ìdúró ni àwọn ti ń jẹ búrẹ́dì nídìí ẹ̀rọ, pé bí obìnrin yẹn bá dín tirẹ̀ tán, àwo méjì ló máa ń gbé kalẹ̀, àwo méjì yẹn ni àwọn ń wò. Mo wo tábìlì wa. Àwo kan ṣoṣo ló wà níwájú wọn, èmi sì dúró tì wọ́n bí ẹni ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Mo lọ mú àwo tèmi wá, mo jókòó. A jọ jẹ ẹ́ tán, inú mi dùn débi pé n kò mọ̀ bóyá ṣúgà wà nínú tíì mi.

Mo rò pé ó tán. Láàárọ̀ yìí, mo gbé àwo méjì kalẹ̀, mo jókòó, mo ń dúró kí wọ́n wojú mi. Ni wọ́n bá gbé fóònù ti agolo mílíìkì, láàárín àwo méjèèjì, wọ́n ní kí n sún mọ́ wọn, Eléyín fẹ́ kọ́ wa ní kéèkì.

Nítorí náà, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Mo fẹ́ ra páànù tí nǹkan kì í lẹ̀ mọ́, mo sì fẹ́ fóònù tèmi. Bá mi wo èyí tí ọkùnrin wà nínú rẹ̀, ọkùnrin tó mọ oúnjẹ sè, kó ti dàgbà díẹ̀, kó sì máa dáhùn bí a bá kí i. Kó máa pè mí ní olólùfẹ́ láràárọ̀, kí ohùn rẹ̀ sì lọ sókè dáadáa, kí ó lè dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ọkọ tí ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára rẹ. Ohun tí o bá dáwọ́ lé yóò wú, kò ní jóná lábẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, ìyàwó Bàbá Télọ̀, èmi nìkan ṣoṣo.