Wáyà Tó Dá Ìròyìn Ojú Jọmílójú Dúró

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Ẹ̀yìn Challenge,
                                                  Ìlọrin.
                                                  Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹjọ, Ọdún 1999.

Ràúdátù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo tún ọ kí. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà ní Sókótó? Baálé rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, pàápàá èyí tó ń hu eyín nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn? Mo gbọ́ pé òjò kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́hùn-ún lọ́dún yìí. Tibí ti pọ̀ jù. Ara Màmá yín ní Gàmbàrí le dáadáa. Mo yà kí wọn lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n sì di wàrà fún mi lọ sílé.

Má bínú pé n kò tètè fèsì. Ohun tójú mi rí lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí kò jẹ́ kí n lè mú bírò. Jókòó kí o tó ka ìyókù.

O rántí pé mo sọ fún ọ pé bí iná bá tàn sí ojú òsì Jọmílójú, ẹyinjú náà máa ń kọ mànà funfun bíi ti ológbò. A kò kà á sí. Ìgbà tí ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà Asabe tó yẹ̀ ẹ́ wò kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Ó ní jẹjẹrẹ ló wà nínú ojú náà, àfi kí àwọn yọ ọ́ kúrò, kí ó má bàa gba ẹ̀yìn ojú wọ ọpọlọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, Ràúdátù! 

Ìwọ náà mọ Láníyọnu ọkọ mi. Bó bá ti kọ ohun kan, ó kọ̀ ọ́ náà nìyẹn. Ó ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́, òun kò ní fọwọ́ ara òun sọ ọmọ òun di olójú kan. Jídé àbúrò mi, tó ń ṣiṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, ní kí a fi èsì àyẹ̀wò náà ránṣẹ́ sí òun, òun yóò fi han ọ̀gá kan tó mọ̀ nípa ojú ọmọdé. A lọ fi ẹ̀rọ fáàsì fi í ránṣẹ́ ní Challenge. Ọkọ mi wá gbójú lé e pé láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá òyìnbó yẹn ni ìwòsàn mìíràn yóò ti wá. Dókítà Asabe gbà pé kí a dúró díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ wa létí pé, “Ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o. Ohun tó wà nínú ojú yìí kò mọ̀ pé ẹ̀ ń retí ìwé.”

Orí kọ̀ǹpútà tí ọkọ mi fi ń ya àwòrán ilé fún àwọn oníbàárà rẹ̀ ni èsì Jídé yóò ti wá, nípasẹ̀ í-meèlì. Fóònù ilé wa ni kọ̀ǹpútà náà máa ń gbà pe ilé-iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn tó ń bá wa gba í-meèlì wa pa mọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí iná ṣe dé, a pè wọ́n. Ó wọlé! A rí orúkọ Jídé, a rí àkọlé rẹ̀: “Ojú Jọmílójú.” Ìyókù wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Ó wọ́, ó wọ́, ó dúró. Láìpẹ́, fóònù já. A tún un pè, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, nítorí pé Jídé fi àwòrán ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ kọ sínú rẹ̀, ìyẹn ló sì mú un wúwo. Ibi tó ti já lẹ́ẹ̀kan náà ló tún ti já. Ṣe ni ó dà bíi kí wọ́n gbé omi síwájú ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ, kí wọ́n wá dè é lọ́wọ́ sẹ́yìn.

Ọkọ mi kò sinmi. Ó yọ fóònù tó wà ní pálọ̀ kúrò kí ó má bàa máa pín agbára wáyà. Ó pààrọ̀ okùn tó so kọ̀ǹpútà mọ́ ògiri. Ó pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó rọra máa gbà á, bóyá bí kò bá sáré kò ní já. Pàbó ni. Nígbà tí mo gbé fóònù sétí, ariwo tí mo gbọ́ dà bí ìgbà tí omi kán sínú òróró gbígbóná, mo sì ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń sọ Hausa lábẹ́ ariwo náà.

A sáré lọ sí Challenge láti pe Jídé. Obìnrin tí wọ́n jọ ń gbé ló gbé fóònù. Ó ní Jídé ti rìnrìn àjò iṣẹ́, gbogbo ohun tí a fẹ́ mọ̀ wà nínú í-meèlì. Àwọn tó ń tún wáyà fóònù ṣe ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ojú ọmọ ti pọ́n, ó ti wú, ó di orí mú, ó sì ń ké. Mo ní, “Bàbá Jọmílójú, ẹ jẹ́ ká lọ fọwọ́ sí ìwé tí wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ yìí.” Ó ní, “Bí èsì náà bá ní oògùn wà ńkọ́? Ta ni yóò bá mi dá ojú padà?” 

Bí ọkọ mi ṣe gbọ́ ohùn Hausa yẹn lórí fóònù báyìí, inú bí i. Lami, ìyàwó Alhaji Àbdùlsàlámì tó ń gbé nísàlẹ̀ wa, ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn náà ní fóònù tiwọn. Ọkọ mi sáré sọ̀kalẹ̀, èmi náà gbé ọmọ tẹ̀ lé e.

Ó ní, “Alhaji, ẹ já wáyà yín kúrò lára tèmi! Ọmọ mi ń kú lọ, ẹ̀yin ń jí fóònù mi lò!”

Alhaji dìde lórí ẹní. Ojú wọn yí padà. “Èmi? Èmi ni o pè ní olè lójú ìyàwó mi? Wàláì, bí kì í bá ṣe ti ọmọ tó wà lọ́wọ́ ìyàwó rẹ yẹn ni…”

Mo ti rò pé ìjà dé. Ẹyin lọ̀rọ̀, ó sì ti balẹ̀. Lami ló bọ́ sí àárín wọn. Ó kọjú sí mi, ó ní, “Màmá Jọmílójú, àwa náà ń gbọ́ yín lórí tiwa. Ó ti ṣe díẹ̀. Mo gbọ́ ọ níjọ́ tí ò ń sunkún fún màmá rẹ lórí fóònù nítorí ojú ọmọ yìí. Ojú ló ń tì mí láti sọ pé mo gbọ́.”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló là mí lójú. Mo ní, “Bí a bá ń gbọ́ wọn, tí àwọn náà ń gbọ́ wa, a jẹ́ pé ibi tí wáyà méjèèjì ti pàdé ni ó ti bàjẹ́.” Ọkọ mi wò mí, ó wo Alhaji. Alhaji ló kọ́kọ́ wá bàtà wọn. Wọ́n ní, “Ẹ lọ gbé àkàbà wá. Tó bá yá, a ó parí ìjà.”

A tọ wáyà lẹ́yìn láti ojú fèrèsé lọ sí etí òrùlé. Níbi tí omi òjò ti ń ṣàn láti orí páànù ni wọ́n ti so wáyà tiwa àti tiwọn pọ̀ mọ́ra, tí wọ́n kàn fi ọ̀rá wé e. Omi ti kún inú ọ̀rá náà, wáyà ti hu àwọ̀ ewé, ó ti ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Alhaji di àkàbà mú, ọkọ mi gùn ún. Ó gé ibi tó ti jẹrà kúrò, ó bó wáyà, ó lọ́ tiwa lọ́tọ̀, ó lọ́ tiwọn lọ́tọ̀, ó fi téèpù dì wọ́n, ó sì gbé wọn kúrò lójú omi. Mo sáré gòkè gbé fóònù sétí. Ariwo ti lọ. Mo bá gbàgbé ara mi, mo kígbe láti ojú fèrèsé.

Lọ́tẹ̀ yìí, èsì náà wọlé tán. Yorùbá ni Jídé fi kọ ọ́, láìsí àmì ohùn kankan. Èmi ni mo kà á síta:

“Àǹtí mi, òótọ́ ni dókítà yín sọ. Ọ̀gá mi ní bó bá jẹ́ ọmọ òun ni, ohun tí òun yóò ṣe náà nìyẹn. Ojú yẹn kò ríran mọ́, kò sì sí oògùn tó lè dá a padà. Ẹ má dúró dè mí. Ẹ bẹ Bọ̀dá, kí wọ́n fọwọ́ sí i lónìí. Ẹ̀mí rẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì mú.”

Ràúdátù, ohun tí a ti ń forí ṣe fọrùn ṣe láti gbọ́ nìyẹn. Ọkọ mi jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, “Gbé e wá.” Alhaji ló fi mọ́tò wọn gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn. Inú mọ́tò yẹn ni ọkọ mi ti tọrọ àforíjì. Alhaji kàn ní, “Ọmọ ni ká gbájú mọ́.”

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Dókítà Asabe ní jẹjẹrẹ náà kò tíì kọjá ẹ̀yìn ojú, ṣùgbọ́n ká ní a fi í falẹ̀ díẹ̀ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Ọmọ ti ń jẹun, ó ti ń sáré kiri. Ó máa ń fara gbá ilẹ̀kùn lápá òsì, á bínú sí ilẹ̀kùn náà, á sì gbá a. Lọ́jọ́bọ̀ yìí ni wọn yóò yẹ ojú ọ̀tún wò, bóyá kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Àyà mi kò tíì balẹ̀. Bá mi fi í sínú àdúà.

Bá mi kí baálé rẹ àti gbogbo ọmọ. Ọkọ mi kí yín, Lami náà ní kí n kí ọ.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń bọ̀ nílé ní ìsinmi yìí, bá àwọn ọmọ rẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó kúrò ní Sókótó. Àwọn ọmọ àdúgbò ti ń sá fún Jọmílójú, ó sì ti ń fi ọwọ́ bojú bí àlejò bá wọlé. Sọ fún wọn kí wọ́n má sá. Kí wọ́n wò ó lójú dáadáa, kí wọ́n sì fà á lọ síta lọ ṣeré.

Tìrẹ ni mo jẹ́ nígbà gbogbo,

Fèyísọ́lá.