Ohùn Kẹrin Nínú Dùùrù Bọ̀dá Táyọ̀

Sátidé, oṣù Kọkànlá, 1988

Inú mi dùn débi pé mi ò rí oúnjẹ jẹ. Àwọn alàgbà ti fẹ́ gba dùùrù oníná ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìbàfò lọ́wọ́ Bọ̀dá Táyọ̀ tó ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n tẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n tú u wò, torí iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni mò ń ṣe.

"Ṣé obìnrin ló máa tú ẹ̀rọ?" Bàbá alàgbà ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo fi ìka mẹ́ta tẹ̀ ẹ́, ohùn mẹ́rin ló jáde! Dáyóòdù kékeré kan, èyí tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo, ló bàjẹ́, ẹ̀rọ kò wá mọ ibi tí ìka wà gan-an mọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Bọ̀dá Táyọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohùn mọ́ gaara.

"Ṣadé, o yọ mí nínú ìtìjú." Omi ti lé sójú Bọ̀dá Táyọ̀.

Bàbá alàgbà fúnra wọn ló gbé àpò irinṣẹ́ mi dé ibi tí mo ti wọ mọ́tò tó ń lọ sí ìdíkọ̀ Lotto. Mo ní kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ̀.