Mo Lọ Ṣe Awò Ojú ní Ìbàdàn

Ọjọ́ Ajé, 6 Ọ̀wàrà 2025
Mo ti dé Ìbàdàn. Èmi nìkan. Ọ̀gá-Àṣẹ — Bándélé ọmọ mi — ní kí n dúró dìgbà tí ẹnì kan máa lè sìn mí wá láti Ìṣẹ́yìn. Mo ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Mo ka pátákó láti Mọ́kọ́lá títí dé ilé àlejò ìjọ ní Bódìjà. Tíṣà Luke tó ń kọ́ àwa àgbà níwèé ì bá wà níbẹ̀. Lọ́la, Dùgbẹ̀, fún awò ojú, kí lẹ́tà yéé rìn bí èèrà.

Ìṣẹ́gun, 7
Wọ́n ti yẹ ojú mi wò. Ọjọ́bọ̀ ni awò máa ṣe tán. Inú ń run mí, nídìí ìdodo. Ẹ̀wà ọ̀sán ni mo fura sí.

Ọjọ́rú, 8
Ìrora ti sọ̀ kalẹ̀ sápá ọ̀tún. Mo bì lẹ́ẹ̀mejì. Bándélé pè, ó bèèrè àlàáfíà. Mo ní a dúpẹ́. Irọ́ ni. Bí mo bá sọ, á ní òun ti wí bẹ́ẹ̀. Mo fi òróró pa ikùn, mo gbàdúrà.

Ọjọ́bọ̀, 9
Awò wà ní Dùgbẹ̀, èmi wà ní ọsibítù. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́jú ilé àlejò ló bá mi nílẹ̀ balùwẹ̀. Dókítà Démiládé, ọmọdé ojú ẹ̀, tẹ ikùn mi, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a létí. Ó ní iṣẹ́ abẹ ni, lónìí, kí ìfun kékeré kan tí wọ́n ń pè ní apẹ́ńdíìsì má baà bẹ́ sínú mi. Nọ́ọ̀sì bèèrè ta ló wà pẹ̀lú mi. Mo ní èmi àti Ọlọ́run. Ó ní, "Màmá, Ọlọ́run kọ́ la máa rán lọ ra abẹ́rẹ́."

Mo kọ̀. Lọ́dún 1988 wọ́n gbé Àníọlá àbúrò mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Aṣọ rẹ̀ nìkan ni wọ́n kó fún mi. Àti pé bí mo bá gba ọ̀bẹ, ṣé mo ṣì gba Ọlọ́run gbọ́?

Alhája Àbẹ̀ḿbí, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, gbọ́. "Ìyá Ìṣẹ́yìn, ta ló dá ọwọ́ dókítà? Àbí ẹ̀yin lẹ máa bá Ọlọ́run yan irinṣẹ́? Àrùn là ń wò, a kì í wo ikú." Ló bá ká aṣọ sókè, ó fi ojú abẹ tirẹ̀ hàn mí, ọjọ́ mẹ́rin péré. Ó ní ó tọ́ ju Ring Road lọ. Mo rẹ́rìn-ín, ó dùn mí dé ẹ̀yìn. Ó ní òun á máa fa tẹsùbáà, kí n máa ka Sáàmù. Ẹni tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá lóhùn kó sọ fún ìkejì.

Mo pe Bándélé, mo jẹ́wọ́. Mo retí ìbáwí. Ẹkún ni mo gbọ́ — ọkùnrin ọlọ́mọ mẹ́ta.

Mo buwọ́ lùwé. N kò tẹ̀ka. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń lọ.

Ẹtì, 10
Mo jí.

Àbámẹ́ta, 11
Kò tíì tán. Ikùn mi wú, ó le. Dókítà ní ìfun mi ṣì ń sùn. Àfi bí mo bá só, n kò gbọdọ̀ fi oúnjẹ kan ẹnu. Bó bá pẹ́ jù, wọ́n lè tún là mí. Mofẹ́olúwa, ọmọ ọmọ mi tó ń kọ́ ìṣègùn n'Ílọrin, dé láàárọ̀. Ó ní, "Màmá Àgbà, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n kọ́ wa." Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ isó wà nínú ìwé ńlá tó ń kà. Orí mi wú síbẹ̀.

Àìkú, 12
Gbogbo wọ́ọ̀dù ń bèèrè. Alhája ò jẹ́ n sinmi: "Ṣé kò tíì fọhùn?" Mofẹ́olúwa di apá mi mú, a ń rìn lọ, a ń rìn bọ̀. Ní nǹkan bí agogo mẹ́wàá, ó dé. Àwọn àgbà ní isó inú ẹ̀kú, à-rún-mọ́ra ni. Mo ti rún àìsàn mọ́ra, ó kù díẹ̀ kó pa mí. Èyí, mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Alhája ní, "Alihamudulilai." Mo ní, "Àmín." Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sínú ìwé.

Wọ́n gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá, ṣíbí mẹ́ta péré. Mo gbàdúrà lé e lórí títí Mofẹ́olúwa fi ní á tutù.