Kòkòrò tó lẹ̀ mọ́ irin ẹsẹ̀ mi

Ìyá Diane mi,

Ara mi ti yá, mo ń jẹun dáadáa. Inú ló ń bí mi. Nígbà tí egbò ẹsẹ̀ òsì mi bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, dókítà fọwọ́ bo imú, ó ní, "Ẹ̀yin ará Gbaffo, ẹ ò mọ ìmọ́tótó." Èmi tí mo wẹ̀ kí wọ́n tó gbé mi wọlé!

Lucienne tó ń yẹ ọyún egbò wò ní yàrá àyẹ̀wò ló sọ òótọ́ fún mi. Ó ní ilé ìwòsàn níbí ni kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú egbò náà ti ràn mí. Àbùdá tó jogún ló jẹ́ kó lè lẹ̀ mọ́ irin tí wọ́n fi to egungun mi, kó fi ohun tó ń yọ̀ bí ilá bora, tí oògùn ò fi ràn án. Lára àwa mẹ́rin tó wà ní yàrá kan náà ló ti bá a.

Mo bi dókítà pé, "Ṣé ará Gbaffo ni gbogbo wa?"

Tó o bá ń bọ̀, bàtà ọ̀tún nìkan ni kó o mú wá. Má sunkún lójú àwọn ọmọ. Bá mi kí ìyá mi ní Kpingni.

Zéphirin rẹ